Ìdí Sítóòfù Tí A Ti Ń Se Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná. Ẹ ní kí n sọ bí iṣẹ́ ọsibítù ṣe rí nígbà tiwa, ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe dókítà, kì í ṣe aláìsàn. Ìkòkò ni. Ìkòkò irin kan báyìí tó ti dúdú nídìí, tó máa ń jókòó sórí sítóòfù kẹrosíìnì lẹ́yìnkùlé wa, tí abẹ́rẹ́ ń hó nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ń já abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rá, ẹ gún aláìsàn, ẹ jù ú nù. Tiwa, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é bí ẹni ń se ẹ̀wà, a ó sì tún fi gún ẹlòmíràn lọ́la. Gíláàsì ni síríńjì wa. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ, o ti dáràn. Tí omi bá ti ń hó, àwọn abẹ́rẹ́ yẹn á máa lu ara wọn nínú ìkòkò, ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọdé tó bá sì wà nínú gbọ̀ngàn á bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ ohùn yẹn bí wọ́n ṣe mọ ohùn ìyá wọn.

Ojú ọ̀nà tó ti Ìkòtún lọ sí Ìgàndó ni ọsibítù wa wà. Ẹ má fi Ìgàndó òní wò ó o. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn ọgbà wa, erùpẹ̀ pupa ni ojú títì, bí òjò bá sì rọ̀, pákó la fi ń ṣe afárá sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn aláboyún lè ráyè wọlé. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń háyà yàrá ní Ẹ̀gbẹ́dá ń wá, àwọn télọ̀ àti káfíńtà ń wá láti Ìdímù, àwọn onílẹ̀ fúnra wọn náà ń wá, pẹ̀lú áásáà lẹ́nu wọn.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ nọ́ńbà jáde bí èyí tí mo rí lọ́dọ̀ yín. Bàtà ló ń tò fún wa. Ẹni tó bá tètè jí á wá gbé sálúbàtà rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á padà lọ wẹ ọmọ, á lọ dáná, bàtà á máa dúró dè é. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi bàtà sílẹ̀ á gbé òkúta tàbí abẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan ti ẹnìkejì. Àfi ọjọ́ kan ṣá, tí ajá kan wọ ọgbà, tó gbé sálúbàtà bàbá kan sá wọ inú ẹ̀gẹ́. Bàbá dé, ó wo ìlà títí.

"Akéde, ibo ni mo wà?"

Mo ní, "Bàbá, ajá ti gbé yín lọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń wúkọ́ gbàgbé ikọ́. Obìnrin tó wà níwájú pátápátá ló sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ajá gbé lọ tó tún padà dé láàyè, òun ni kó kọ́kọ́ wọlé." Báyìí ni bàbá ṣe rí dókítà kí gbogbo ayé tó rí i.

Èmi ni Akéde. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí bàbá mi tó dolóògbé, ṣùgbọ́n ohùn mi ń dún, ohun tí wọ́n sì fi gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Èmi ni mò ń pe aláìsàn wọlé, èmi ni mò ń se abẹ́rẹ́, èmi náà ni mò ń jẹ́ iṣẹ́ láti yàrá kan sí èkejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀.

Yàrá mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àlàájì ló wà ní yàrá oògùn, ọmọ bíbí Ìkòtún, ẹlẹ́rìn-ín. Aláìsàn ló ń gbé ìgò wá fúnra rẹ̀ tí Àlàájì á rọ oògùn olómi sí. Láàárọ̀, ìgò á máa kan ìgò lórí káńtà rẹ̀ bí ilé ọtí. Ẹni tí kò mọ̀wé, Àlàájì á ya àwòrán fún un sára ìwé tó fi wé hóró oògùn: àkùkọ fún òwúrọ̀, oòrùn fún ọ̀sán, àtùpà fún alẹ́. Bàbá kan padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Àlàájì, ẹyẹlé ni mò ń sìn nílé, mi ò ní àkùkọ. Ṣé ẹyẹlé ò lè dípò rẹ̀?" Àlàájì ò rẹ́rìn-ín sí i lójú. Ó jáde látẹ̀yìn káńtà, ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó tún gbogbo ẹ̀ ṣàlàyé. Ìgbà tí bàbá lọ tán ló tó di ikùn mú.

Mátrọ̀nù ló wà ní yàrá ìgbẹ̀bí. Obìnrin Oǹdó ni, ó ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó bí èmi. Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn aláboyún, ọjọ́rú yẹn sì ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, nítorí orin. Mátrọ̀nù ló máa ń dá a, àwọn obìnrin á máa gbè é, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, ikùn á máa mì:

Bí ẹsẹ̀ bá wú o, ẹ wá sọ fún wa,
Bí ojú bá ń ṣú o, ẹ wá sọ fún wa,
Bí ẹ bá rẹ́jẹ̀, ẹ má dúró gbàmọ̀ràn,
Ilé wa ò jìnnà, ẹ wá sọ fún wa.

Obìnrin tí kò lè ka lẹ́tà kan á ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kó bẹ̀rù kó tó délé. Àní àwọn ọmọ kékeré tó ń pọnmi ládùúgbò ń kọ ọ́.

Yàrá kẹta ni ti Dókítà. Ọmọ Èkìtì, ọ̀dọ́, ọlọ́pọlọ. Ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tó bá fi ọwọ́ kan aláìsàn báyìí, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ sísọ ni kò ráyè fún. Òun ló ni ọsibítù, ṣùgbọ́n Mátrọ̀nù lè bí i lọ́mọ. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìyẹn ṣe máa ń le nílẹ̀ wa: ọ̀gá kéré, ọmọọṣẹ́ dàgbà.

Lọ́jọ́rú kan, Dókítà ń fetí sí àyà bàbá arúgbó kan, orin sì gbóná nínú gbọ̀ngàn. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ké, "Ẹ dákẹ́ ariwo yẹn! Ṣé ọjà nibí ni?"

Ọwọ́ Mátrọ̀nù wà lókè. Kò pàdé èkejì. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Níwájú àwọn obìnrin tó ń pè é ní ìyá! Ẹyin lọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, òun àti Dókítà ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín, ṣùgbọ́n èmi ni mo di ẹnu wọn.

"Akéde, lọ sọ fún ọ̀gá rẹ."

"Akéde, lọ sọ fún màmá rẹ."

Orin dákẹ́. Àwọn aláboyún wá ń jókòó lọ́jọ́rú bí ẹni tó wá jẹ́jọ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Tí Dókítà bá ní, "Lọ sọ fún obìnrin yẹn kó yé gbé àwọn irin mi kiri," mo máa dé ọ̀dọ̀ Mátrọ̀nù, màá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, màá ní, "Dókítà kí yín, mà. Wọ́n ní tí kò bá ni yín lára, ẹ bá àwọn wo àwọn irin yẹn." Tí Mátrọ̀nù bá ní, "Sọ fún un pé ọmọ àná ni," màá ní, "Mátrọ̀nù ní àwọn gbọ́, sà." Ọ̀rọ̀ á wọ etí mi ní ata, á jáde lẹ́nu mi ní oyin. Àlàájì á máa yìn mí pé, "Akéde, ìwọ lo mú ilé yìí dúró o." Èmi náà á máa fẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ata wúlò nígbà mìíràn.

Àsìkò yẹn ni Àbẹ̀ní wọ ọ̀dọ̀ wa. Télọ̀ ni, ní Ìdímù, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí téèpù ìwọnṣọ máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa ń mú un wá, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, Mátrọ̀nù bi í lórí bẹ́ǹṣì, níṣojú gbogbo èèyàn, bí a ṣe máa ń ṣe, pé oyún ẹlẹ́ẹ̀kelòó nìyí.

Ìyá ọkọ ló dáhùn. "Àkọ́bí ni, nọ́ọ̀sì. Ṣebí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e níyàwó ni. Bó bá tiẹ̀ ti bí ogún, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ."

Àwọn obìnrin ṣe àmín. Àbẹ̀ní wolẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mà, ṣé mo lè rí yín ní kọ̀rọ̀?"

Mátrọ̀nù, tí ọkàn rẹ̀ ti korò láti ọjọ́ orin, ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Kọ̀rọ̀ wo? Sọ ọ́ níbí, gbogbo yín lẹ jọ lóyún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀ní wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan, mà. A dúpẹ́."

Ohun tí kò lè sọ ni pé ó ti bímọ rí ní Abẹ́òkúta, kó tó mọ ọkọ yìí rárá. Ọmọ náà ò dúró, ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá lọ. Àwọn ará ilé ọkọ ò gbọ́ ọ rí. Ó ń bẹ̀rù ikú, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé e jáde. Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Ó lọ bá Àlàájì lẹ́nu káńtà, ó ní ṣé oògùn wà tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àlàájì ní, "Ìyàwó, ẹ ò tíì bí, ẹ ti ń sunkún ìkúnlẹ̀." Lọ́jọ́ mìíràn ó bi mí pé, "Bùọ̀dá Akéde, mọ́tò Dókítà, ṣé ó máa ń wà nílẹ̀ lọ́sàn-án?" Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó gbé yín lọ ṣe fàájì ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo gbọ́ tèmi, mo gbé e mì. Àlàájì gbé tirẹ̀ mì. Mátrọ̀nù ti pa tirẹ̀ lẹ́nu kó tó jáde. Ta la fẹ́ sọ ọ́ fún? Ilé wa ò ní ibi tí à ń sọ nǹkan sí.

Ọjọ́ òjò ni wọ́n gbé e wá, láàárọ̀. Òjò ń lu páànù débi pé à ń pariwo kí a tó gbọ́ ara wa. Nígbà tí oòrùn ì bá ti là, a gbọ́ ẹkún ọmọ. Obìnrin ni. Ìyá ọkọ jó láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí kànga, nínú òjò, ó padà wọlé pẹ̀lú omi lára, ó ń ki ọmọ. Mo bá a jó. Àlàájì na orí jáde, ó ní, "Alhamdulilahi, ẹ má yọ̀ ṣubú o."

Kò pẹ́ ni Mátrọ̀nù ṣí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́.

"Akéde! Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹ̀jẹ̀ ò dúró. Kó dìde wá nísinsìnyí, kó yé jókòó bí ọba!"

Mo sáré. Dókítà wà pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Gowon Estate, ẹni tó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ wá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo kan ilẹ̀kùn. Ẹnu mi sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mátrọ̀nù kí yín. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ díẹ̀, tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, kí ẹ bá àwọn yọjú."

Ó ní, "Ó dáa. Tí mo bá parí ti ọ̀gá yìí."

Mo padà. "Mátrọ̀nù, Dókítà ti ń bọ̀, mà." Ti ń bọ̀! Mátrọ̀nù bá gbà á bẹ́ẹ̀, ó ń retí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà níkùn Àbẹ̀ní, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó tún rán mi. Mo tún kan ilẹ̀kùn, mo tún ní ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ẹ má gbàgbé àwọn o.

Bí mo ṣe yíjú ni ìyá ọkọ di ọrùn ẹ̀wù mi mú.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní... mo ní kí wọ́n yọjú, mà."

"Kó yọjú? Mo gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn rán ọ! Ẹ̀jẹ̀ ń dà, o wá ń bá mi rọ oyin sí i!"

Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn Dókítà láìkàn án. "Dókítà, ìyàwó ọmọ mi ń kú lọ lẹ́yìn ògiri yìí! Ògiri kan péré! Ẹnu ọmọ yìí lẹ ń gbà sọ̀rọ̀, ẹ̀yin méjì tí ẹ lẹ́nu? Ẹ dìde, ẹ lọ bá ara yín sọ̀rọ̀!"

Àga Dókítà ṣubú. Ó ti dé yàrá ìgbẹ̀bí kí àga náà tó balẹ̀ tán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàsíà omi lọ́wọ́, nítorí náà mo rí i. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ orin nìyẹn. Mátrọ̀nù ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ilé ọmọ ò fún, ó rọ̀ bí aṣọ. Mo ti gún un lábẹ́rẹ́, kò gbọ́."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ má yọ ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n wá iṣan rẹ̀ kí omi kọ́kọ́ wọ̀ ọ́." Ó tẹjú mọ́ Àbẹ̀ní. "Ìyàwó, ṣé ó ti ṣe yín báyìí rí?"

Àbẹ̀ní yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Ètè rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìyá ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn mi. Òjò ń lu páànù. Mátrọ̀nù bá bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, ó fi ara rẹ̀ dí ojú rẹ̀ kó má rí ẹnì kan mọ́ àfi òun. Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà yẹn tí o ní o fẹ́ rí mi ní kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ náà nìyí. Sọ ọ́ sí mi létí."

Ó sọ ọ́. Kò lágbára láti sọ ọ́ jẹ́jẹ́, gbogbo wa la gbọ́. Ní Abẹ́òkúta. Ibi ọmọ, èyí tó máa ń tẹ̀ lé ọmọ jáde, kò jáde tán lọ́jọ́ náà, wọ́n ní díẹ̀ kù nínú.

Dókítà gbé ibi ọmọ tó wà nínú àwo, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó yí i padà. Igun kan ya. "Òun náà nìyí, mà. Díẹ̀ ti kù nínú." Mátrọ̀nù ní, "Mo rí i. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú kí ẹ yọ ọ́, mo dì í mú." Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Àlàájì ti wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó rán an. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó bi mí léèrè. Ó bi mí léèrè oògùn yìí."

Gbogbo wa wá rántí ìyá ọkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró gbagidi. Mo ń retí kó ké, kó bú u, kó ní irọ́ ni wọ́n fi fẹ́yàwó fún ọmọ òun. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ ń wò mí fún? Ẹ gbájú mọ́ iṣẹ́ yín, jàre. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ." Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ tuntun lórí tábìlì, ó wé e mọ́ àyà. "Èyí tó wà láyé ni mo mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ dá padà fún mi."

Omijé bọ́ lójú Àbẹ̀ní nígbà náà, kì í ṣe ti ìrora.

Ẹ̀jẹ̀ dúró. Mọ́tò Dókítà ò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà; ọkọ̀ ọkùnrin ará Gowon Estate yẹn la fi gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba kí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Èmi àti ọkùnrin náà la jọ ti ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú bàtà olówó ńlá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, Àbẹ̀ní padà wá fi ọmọ hàn wá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì òjò yẹn, mo ń se abẹ́rẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo rí Dókítà tó ń bọ̀. Kò dé ìdí sítóòfù rí láti ọjọ́ tó ti dá ilé náà sílẹ̀. Ó da korobá dé, ó jókòó lé e. Mátrọ̀nù jáde wá, ó rí i, ó fẹ́ padà, ó tún yí èrò pa dà. Àlàájì tẹ̀ lé e pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Omi ò tíì hó.

Dókítà ní, "Kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ti gbọ́ lẹ́nu obìnrin yẹn, ṣáájú àná?"

A sọ ọ́. Mátrọ̀nù sọ ti kọ̀rọ̀, Àlàájì sọ ti oògùn, èmi sọ ti mọ́tò. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni ara mi ń tutù. Télọ̀ ni Àbẹ̀ní, àbí? Ó ti gé aṣọ náà fún wa ní ègé-ègé, kò sí ẹni tó rán an pọ̀ nínú wa.

Dókítà wo inú iná. "Mà, mo dá orin yín dúró níwájú àwọn ọmọ yín. Kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ padà."

Mátrọ̀nù tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má tún jágbe mọ́ mi níta o. Ẹ pè mí wá síbí, kí ẹ wá jágbe. Abẹ́rẹ́ nìkan ló máa gbọ́." Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Mátrọ̀nù yíjú sí mi. "Ìwọ Akéde, láti òní lọ, bí mo bá ní ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ̀jẹ̀ ń dà ni kí o sọ."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Ó ṣì ń dùn mí títí dòní nígbà tí òjò bá ń lu páànù.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, kí a tó pe bàtà àkọ́kọ́ wọlé, a máa ń yí sítóòfù ká títí omi á fi hó. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ nǹkan lẹ́nu aláìsàn, bó ti wù kó kéré tó, á sọ ọ́. Bàbá tó ní oògùn òun ti tán, tí oògùn ṣì wà nílé ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ò ríran rí i, ibẹ̀ la ti mọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta oògùn rẹ̀ fún aládùúgbò, ibẹ̀ la ti mọ̀. Aláboyún kọ̀ọ̀kan sì wá ń dá rí Mátrọ̀nù nínú yàrá, ilẹ̀kùn títì. Ẹ ní kí la wá ṣe fún àwọn ìyá ọkọ? A fún wọn níṣẹ́. Mátrọ̀nù gbé òwú lé wọn lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn pé kí wọ́n bá wa ká a róbóróbó fún ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n gbádùn ẹ̀! Wọ́n á máa ká òwú, wọ́n á máa ṣòfófó, àwọn ìyàwó á sì ráyè sọ tinú wọn. Ìyá ọkọ Àbẹ̀ní ló di ọ̀gá wọn. Ó máa ń tú òwú ẹni tí kò bá ká a dáadáa.

Orin padà. Dókítà á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́rú, á dúró kí wọ́n parí ẹsẹ kan kó tó gbé ohun tó fi ń gbọ́ àyà sétí.

Lọ́jọ́ Iléyá, àwa onígbàgbọ́ là ń dúró ti iṣẹ́; lọ́jọ́ Kérésì, Àlàájì á dúró fún wa. Ọdún Iléyá kan, ẹran pọ̀ débi pé mo gbé ti ara mi lé sítóòfù abẹ́rẹ́. Mátrọ̀nù gbóòórùn rẹ̀ láti inú yàrá. "Akéde! Ṣé àgbò lo fẹ́ fi gún wọn lábẹ́rẹ́ ni?" Mo fọ ìkòkò yẹn títí ojú mi fi hàn nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ inú ọ̀rá dé. Ó dára, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún padà sí síse abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n sítóòfù tutù. A ṣì ń pàdé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, láìsí iná, ojú sì ń tì wá díẹ̀, bí ẹni tó jókòó ti àdògán tí kò sí oúnjẹ lórí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á pẹ́, ẹnì kan ò ní wá. Ní báyìí, wọ́n ti wó ilé náà, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Mo lọ sí ọsibítù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá láìpẹ́ yìí nítorí orúnkún mi. Nọ́ọ̀sì fi fóònù ránṣẹ́ sí dókítà tó wà ní yàrá kejì, dókítà fi àwòrán àtàńpàkò dá a lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà wo ni wọ́n gba Akéde míì síṣẹ́? Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ò dúró lórí àtàńpàkò. Ó dìde, ó kan ilẹ̀kùn, ó bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, ó padà wá mú mi lọ sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, kí ló ń dùn yín tí ẹ ò fẹ́ sọ níta?" Ọkàn mi balẹ̀ lórí yín lọ́jọ́ náà. Ohun tí a rí nídìí sítóòfù ò tíì sọnù. Ẹ ṣá máa wá ibi tí ẹ ó ti máa yí iná kan ká.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí parí rẹ̀. Nígbà tí Mátrọ̀nù fẹ́ padà sí Oǹdó, tí àgbà ti dé, ẹrù rẹ̀ ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àyà rẹ̀ ò gbé e láti lọ dágbére fúnra rẹ̀. Ó ní, "Akéde, jẹ́ iṣẹ́ kan fún mi, ó kẹ́yìn. Lọ sọ fún Dókítà pé olórí kunkun ni, ó máa ń rìn jù, kì í jẹun lásìkò. Sọ fún un pé nínú gbogbo àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Mo lọ. Mo kan ilẹ̀kùn. Mi ò fi oyin kún un, mi ò sì yọ ata kan kúrò níbẹ̀. Mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí.

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, sà."

Mo dúró, mo ń retí èsì tí màá gbé padà. Ó dìde lórí àga rẹ̀.

"Má wulẹ̀ ṣe wàhálà," ó ní. "Èmi fúnra mi ni màá lọ dá a lóhùn."